Kí Ló Ń Pa Ìjàpá? Àìsàn àti Ìnáwó Volkswagen Àtijọ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí a ṣe kọjá Ibafo tí a ń lọ sí Mowe, iná pupa kékeré kan tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù Volkswagen Ìjàpá bàbá mi. Mo pe àkíyèsí wọn sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Bátìrì ni. Ó kù díẹ̀ ká délé." Ilé kò jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ náà ti ń fà tìkọ̀, òórùn irin gbígbóná ti gba inú rẹ̀ kan, ó sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó já kò ju bẹ́líìtì kan lọ, bẹ́líìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí mo fi di ṣòkòtò mi lọ. Owó tí a wá fi tún ọ́ńjìnnì náà ṣe lè ra irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ ní àádọ́rin, kí ṣéńjì sì tún kù.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń rò ó bóyá kí wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èmi ní tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí a ná lé e lórí sílẹ̀. Mo sì ń tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó jí i dìde, bàbá àgbà kan ní Ifọ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ Ìjàpá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé tó ń ipẹtà lábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìkan lọ: ogbó kì í sábàá pa Ìjàpá. Ìnáwó kékeré tí a ń sún síwájú ló máa ń pa á.

Irú ọkọ̀ wo ni?

Ferdinand Porsche ni olórí àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ yìí ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Láti Brazil ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1978, ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ ni ọ̀nà náà àti Ìjàpá tí ẹ ń rí lórí rẹ̀. Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn lágbàáyé, ní oṣù Keje ọdún 2003.

Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ yìí rẹ́rìn-ín kò mọ àwọn ìbátan rẹ̀. Ní 1948, nígbà tí Porsche fẹ́ ṣe ọkọ̀ eré sísá tirẹ̀, ìyẹn Porsche 356, lára Volkswagen yìí ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nǹkan rẹ̀. Porsche 911 tó tẹ̀ lé e náà fi ẹ̀yìn gbé ọ́ńjìnnì, ó sì ń fi afẹ́fẹ́ tu ara rẹ̀ lára títí di 1998. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ àìsàn Ìjàpá ti mọ púpọ̀ nínú àìsàn àwọn ọkọ̀ eré sísá àtijọ́ tí àwọn olówó ń tọ́jú sínú gàréèjì ní òkè òkun.

Kókó ibẹ̀ ni pé Ìjàpá kò ní ràdíétọ̀, kò sì ní omi. Sílíńdà mẹ́rin rẹ̀ sùn sílẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Fáànù ńlá kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára láti òkè. Nígbà tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá dé ní Mowe, tí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn ń wá omi tí wọn yóò dà sí ràdíétọ̀, onílé Ìjàpá kò ní omi kankan láti dà. Ohun tó ní ni fáànù, ọ́ìlì àti ọgbọ́n.

Iná pupa: ẹ dúró níbi tí ẹ wà

Bàbá mi rò pé bátìrì ni iná pupa ń sọ, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, torí pé ọ̀rọ̀ dínámò ni iná náà ń sọ ní tòótọ́. Bí dínámò kò bá yí, iná á tàn. Ṣùgbọ́n nínú Ìjàpá, igi kan náà tó gba àárín dínámò kọjá ló di fáànù mú lódìkejì. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí àwọn méjèèjì. Bí bẹ́líìtì bá já, dínámò dúró, fáànù náà dúró. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mìíràn, ẹ lè rọra wa bátìrì délé. Nínú Ìjàpá, gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi wà á lọ, ẹ ń dín ọ́ńjìnnì láìsí epo ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín: bí ó bá wọlé tó nǹkan bíi 1.5 sẹ̀ńtímítà, ó dára. Bí ó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti dẹ̀. Pọ́lì òkè pín sí abala méjì, àwọn wáṣà pẹlẹbẹ sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan láàárín tí ẹ sì kó o síta, abala méjèèjì á súnmọ́ ara wọn, bẹ́líìtì á le. Sípánà 21 àti sùkúdíráífà kan ti tó fún iṣẹ́ náà. Ọmọ kíláàsì wa èyíkéyìí lè ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà láàárín ogún ìṣẹ́jú, bí bẹ́líìtì mìíràn bá wà nínú búùtù. Tiwa kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ́ńjìnnì tó dákẹ́ jù

Ní ọjọ́ kejì tí mo lọ sí Ifọ̀, Bàbá tan ọ́ńjìnnì méjì fún mi gbọ́. Ọ̀kan ń ró tí-tí-tí bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èkejì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èwo ni ara rẹ̀ dá nínú méjèèjì?"

Mo ní, "Èyí tó dákẹ́ ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló máa kọ́kọ́ kú."

Ohun tí a kọ́ ní kíláàsì nípa bí ooru ṣe ń kúrò lára irin ló ṣàlàyé rẹ̀. Fálúfù ni ilẹ̀kùn tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, òun náà sì ni èéfín ń gbà jáde. Nígbà tí fálúfù bá padé dáadáa, ara ìjókòó rẹ̀ ló ń gbé ooru rẹ̀ fún. Àlàfo tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti apá tó ń tì í, kí ó lè padé tán. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́ńjìnnì Ìjàpá tó wà lọ́dọ̀ wa, àlàfo náà jẹ́ 0.15 mílímítà, nígbà tí ọ́ńjìnnì bá tutù. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, fálúfù ń na ara rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ń jẹ, àlàfo náà sì ń dínkù. Bí àlàfo bá ti tán, ariwo tí-tí-tí náà á tán. Fálúfù kò padé mọ́, kò rí ibi gbé ooru rẹ̀ sí, iná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ á já bọ́ sínú sílíńdà, písítìn á sì lu ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú àwọn ọ́ńjìnnì ìgbà àtijọ́, sílíńdà kẹta ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí ni pé ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára sí dí díẹ̀ nínú atẹ́gùn tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí Bàbá ní kí a máa ṣe rèé: ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì, kí a sì tún àlàfo fálúfù ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ọ́ìlì tí Ìjàpá ń gbà kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Kò ní fílítà oníbébà bíi ti Toyota, asẹ́ onírin ló ní, tí a máa ń fọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì rẹ̀ fi ń tètè dọ̀tí, pàápàá fún ẹni tó ń gba ọ̀nà Pápáláńtò àti Ewékorò kọjá, níbi tí eruku sìmẹ́ǹtì àti àwọn tírélà ti gba ojú ọ̀nà.

Ọgbọ́n ìwakọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ọ́ńjìnnì ló ń yí fáànù, nítorí náà bí ọ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, fáànù náà ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tó fi gíà kẹrin gun òkè, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n tí ó sì ń rá pálá, ń gbé ẹrù ńlá lé ọ́ńjìnnì lórí nígbà tí atẹ́gùn kéré. Ẹ já a sí gíà kẹta. Ariwo á pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara á tù ú.

Páànù tí wọ́n jù nù

Nígbà tí Bàbá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni, "Àwọn páànù rẹ̀ dà?" Bàbá mi kò mọ̀. Mẹkáníìkì kan ti yọ wọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní wọ́n ń dí òun lọ́wọ́. Àwọn páànù dúdú wọ̀nyẹn, àti rọ́bà tó yí etí ilé ọ́ńjìnnì ká, ni wọ́n ya afẹ́fẹ́ tútù òkè sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ooru tí fáànù ti lé jáde á tún gbabẹ̀ wọlé padà, fáànù á sì máa fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tu irin gbígbóná lára. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé Ìjàpá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ka iye páànù tó yọ, kí ẹ sì rí i pé gbogbo rẹ̀ padà sáyè.

Ohun méjì tó lè sun ọkọ̀

Ohun tí mo ti sọ títí dé ibí lè pa ọkọ̀. Méjì tó kàn yìí lè pa ènìyàn.

Àkọ́kọ́ ni rọ́bà tó ń gbé epo láti pọ́ǹpù dé kabúrétọ̀. Ó wà nítòsí ibi tí iná mànàmáná plọ́ọ̀gì ti ń jáde, inú ooru ló sì ń gbé. Bí ó bá gbẹ, á là, epo á sì máa kán sórí ọ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ni ọ́ńjìnnì wà, nítorí náà ẹni tó ń wakọ̀ lè má tètè mọ̀ pé iná ti ń jó. Irin tí wọ́n fi ṣe àárín ọ́ńjìnnì náà ní magnesium púpọ̀ nínú, omi sì ń mú kí iná magnesium pọ̀ sí i ni. Ẹ máa pààrọ̀ rọ́bà náà lọ́dọọdún, kí kílíìpù wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì gbé ohun ìpaná oníyẹ̀fun sítòsí ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe inú búùtù.

Ìkejì ni bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà. Sípíríìnì irin ló wà nínú ìjókòó náà. Bí ẹni tó sanra bá jókòó lé e, tí ìdérí bátìrì kò sì sí níbẹ̀, sípíríìnì lè kan orí bátìrì, ìjókòó á sì gbiná. Ní Ibafo, rewáyà tó wo tiwa fi rọ́bà táyà inú tí wọ́n gé bo orí bátìrì, ó sì so bátìrì mọ́lẹ̀ kó má lè sún. Owó tó gbà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn méjì.

Abẹ́ bátìrì yìí kan náà ni ilẹ̀ ọkọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà, torí pé omi kíkan bátìrì àti omi òjò ń pàdé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí omi ṣe ń dúró sójú ọ̀nà àdúgbò ní Mowe àti Ibafo nígbà òjò, ẹ máa ká ẹní inú ọkọ̀ sókè kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ihò tó kéré bí owó ẹyọ lónìí lè gba gbogbo ẹsẹ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Eélòó ni yóò ná wa?

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ iye náírà sílẹ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n náírà kì í dúró sójú kan. Ẹ rántí ọdún 2023. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tánkì Ìjàpá, tó ń gba nǹkan bí 40 lítà, kún pẹ̀lú owó tí kò tó ₦8,000 ní iye ìjọba. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lé ní ₦19,000. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà owó ilẹ̀ òkèèrè. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ti lé ní ₦1,500 nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara Ìjàpá ti ń wá báyìí, nítorí náà bí dọ́là ṣe ń gòkè ni wọ́n ń bá a gòkè.

Nítorí ìdí èyí, epo tánkì kan ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Nínú ìwé ìnáwó tiwa, báyìí ló rí:

Bẹ́líìtì kan kò tó ìdámẹ́rin tánkì. Rọ́bà epo àti kílíìpù rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì lítà méjì àbọ̀ àti owó iṣẹ́ àtúnṣe fálúfù jẹ́ nǹkan bí ìdajì tánkì sí mẹ́ta nínú mẹ́rin. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin àti kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì sún mọ́ tánkì kan. Ṣíṣe bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú lánìn tuntun, gba tánkì méjì. Kílọ́ọ̀ṣì gba mẹ́ta, owó ọjà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé bóòtù mẹ́rin péré ló di ọ́ńjìnnì mú, ọkùnrin méjì sì lè gbé e sọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Jíjó ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà pọ̀ gba márùn-ún. Ọ́ńjìnnì tó jóná, pẹ̀lú písítìn, sílíńdà, béárìn, fálúfù àti owó iṣẹ́, gba méjìdínlógún.

Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa. Bí a bá pa bẹ́líìtì, rọ́bà epo àti ìpààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀, kò tó tánkì méjì lọ́dún. Ohun tí ìnáwó yẹn ń dáàbò bò ni ọ́ńjìnnì oní tánkì méjìdínlógún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Tí ẹ bá ń lọ ra ẹ̀yà ara ní Ládípọ̀, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání kí ẹ fi wé e. Ọ́ńjìnnì 1300 àti 1500 jọra lójú, ṣùgbọ́n písítìn wọn kò bára mu. Ẹ bi wọ́n bóyá tuntun ni tàbí Tòkunbọ̀. Béárìn àti rọ́bà Tòkunbọ̀ kì í pẹ́. Páànù Tòkunbọ̀ sì sàn ju tuntun ẹlẹ́gẹ́ lọ. Bí owó kò bá pọ̀, ẹ fi ọ̀dà kíkùn ṣe ìkẹyìn. Mo ti rí Ìjàpá tó ń dán yinrin tí rọ́bà epo rẹ̀ ti là.

Ta ni yóò máa tún un ṣe?

Ohun tó wọ́n jù kò sí nínú ìwé ìnáwó mi. Ọmọṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ Bàbá ní Ifọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ Toyota tó fi ń sọ àìsàn ara rẹ̀ ni àwọn méjèèjì fẹ́ mọ̀ lò, n kò sì bá wọn wí, torí ibẹ̀ ni owó wà. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò bá yín sọ̀rọ̀. Etí, àtàǹpàkò àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀. Bí Bàbá bá fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ tó ṣeé tún ṣe yóò di irin àlòkù nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì ń rọ ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn pé kí ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ohun tí ìwé ń fi àwòrán ṣàlàyé wà níbẹ̀ ní gbangba, ẹ lè fi ọwọ́ kàn án.

Bàbá mi kò tíì ta ọkọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé wọ́n ti so bẹ́líìtì méjì kọ́ sínú búùtù iwájú, pẹ̀lú sípánà 21. Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà kò béèrè. Nígbà tí a jáde lọ sí Ọ̀fàdà lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tó jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì náà wò.